Ọ̀bẹ Orí Tábìlì Màmá Sòmálì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Peckham níbí, ọsíbítù kan ní Camberwell ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá ń lọ, wọn a fi mí sọ́dọ̀ màmá àgbà kan, ará Sòmálíà, tí ilé wọn kángun sí tiwa. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ni ọ̀rẹ́ mi.

Kí a tó jẹun, màmá á gbé ọ̀bẹ kan sókè, wọ́n á ní, "Mindi." Wọ́n á kó ọ̀bẹ yòókù mọ́ ọn, wọ́n á máa wo ẹnu wa. Àwa á ní, "Mindiyal." Ẹ ṣàkíyèsí i, ẹ̀yin ọmọ mi: àwa máa ń fi "àwọn" síwájú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìparí ọ̀rọ̀ ni tiwọn ti ń gùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni wọ́n ń bu oúnjẹ fún ṣáájú.

Lọ́jọ́ kan, àlejò kan láti àríwá ilẹ̀ wọn gbọ́ wa. Ó ní, "Mindiyo là ń wí. Èdè ará oko lẹ fi ń kọ́ wọn yẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi náà sì bá a rín in. Láti ọjọ́ náà, màmá kò gbé ọ̀bẹ sókè mọ́. Wọ́n á kàn gbé oúnjẹ kalẹ̀ ni. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ọ̀rẹ́ mi kó tó sùn náà dópin, kò sì sí ẹlòmíràn nílé tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi sunkún wá bá ìyá mi. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n. Wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n ní, "Bàbá ọmọ yìí náà ń fi èdè mi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mo lẹ́nu tí mo fi ń dá a lóhùn. Màmá ò ní bá ọmọdé fa ọ̀rọ̀. Lọ kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ wọ́n."

Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́. Màmá kò mọ àṣà wa. Wọ́n rò pé nǹkan ọmọ náà ló já bọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń bá a wá a lábẹ́ tábìlì.

"Kí lo sọnù?"

Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó kó ọ̀bẹ gbogbo jọ. "Mindiyal."

Màmá fa àwo mi mọ́ra. "O pẹ́ kí o tó dáhùn. Ọ̀rẹ́ rẹ ni màá kọ́kọ́ bù fún."

Ayé ti yí. Orí fóònù ni ọmọ-ọmọ ọ̀rẹ́ mi ti ń kọ́ Sòmálì báyìí, mindiyo sì ni fóònù kọ́ ọ. Kò ṣìṣe, ọ̀nà méjèèjì ló dára. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi gbé àwọn ọ̀bẹ sókè, ọmọ náà sì dáhùn bẹ́ẹ̀ lójú mi. Ọ̀rẹ́ mi ní ó káre, ó bu oúnjẹ fún un. Ṣùgbọ́n kò tíì gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀. Ó ń dúró de ìdáhùn kejì, ti màmá.