Ìrìn-àjò Tí A Fi Pamọ́ fún Bàbá

Títí di òní, òórùn pólíìṣì bàtà kì í jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Bí ọmọ ilé-ìwé kan bá fi bàtà dídán kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ọkàn mi á kúrò lórí ohun tí mò ń kọ́ wọn, á lọ sẹ́yìnkùlé ilé wa ní Ìlaròó, níbi tí Bàbá mi jókòó sí lórí àpótí kékeré kan, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu bàtà dúdú tí kò wọ̀ mọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú Màmá mi. Mo rí i. Mo kí i, ó dá mi lóhùn, mo sì kọjá sídìí mọ́tò mi. Mi ò bi í pé níbo ló ń lọ, nítorí èmi náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí ní ìbéèrè yẹn lọ́sẹ̀ náà.

Ọdún tí mo ra mọ́tò àkọ́kọ́ ni. Tíṣà ni mí, tíṣà ni ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa ti wọ ilé-ìwé gíga, ó wá ku àwa méjì àti Bàbá nínú ilé. Mo ní àwa náà gbọ́dọ̀ lo họlidé bí àwọn tó mọ ayé jẹ. Mo ní a ó kọjá sí Kútọnu, láti Kútọnu a ó wa mọ́tò gba etí òkun lọ títí a ó fi dé Àkírà ní Gánà, kò sí kánjúkánjú, ibi tó bá wù wá la ó ti dúró. Mo ra ìwé ẹ̀sáàsáìsì tuntun torí ọ̀rọ̀ náà. Mo fi rúlà ya ọ̀nà sí ojú-ewé méjì, mo kọ Wídà, Gran Popo àti Lomé sí i, mo fi búlúù kun òkun, àfi bí ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ kíláàsì kan ní jọ́gíráfì. Mo kọ ilé tí a ó sùn, mo kọ ibi tí a ó ti jẹun. Orí fóònù ni mo ti ń rí gbogbo rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn àjèjì tí wọ́n gba ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n sì sọ ara wọn di ọ̀gá.

Bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ ọ̀nà náà wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ó lé ní ogún ọdún tí Bàbá mi fi wa ọkọ̀ èrò láti Ìdí-Ìrókò lọ sí Àkírà, kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, tó fi gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Fóònù ni èmi gùn ní tèmi. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí Bàbá kì í mẹ́nu ba ọ̀nà yẹn: atẹ́gùn oníyọ̀ tó ń gba fèrèsé wọlé ní Gran Popo, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, awakọ̀ bíi tiẹ̀, ọmọ Popo, tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ayé ìgbà yẹn kò ní fóònù alágbèéká. Nígbà tí Bàbá kò lọ mọ́, wọn ò gbúròó ara wọn mọ́. “Ká ṣáà fojú kan ara wa lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kú,” ni Bàbá máa ń wí, bí ẹni tó ń tọrọ omi mu. A ó ní, “Ẹ ó rí i, Bàbá,” a ó sì bá iṣẹ́ wa lọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ fún un. Ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ni. Ní bí ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà yẹn, mo ti sọ fún gbogbo ìjọ pé mò ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n pè mí síwájú, wọ́n gbàdúrà fún mi, mo tilẹ̀ ti ra kóòtù òtútù. Fisà kò jáde. Fún odidi ọdún kan, bí mo bá kọjá nígboro, ẹnìkan á ní, “Tíṣà, ṣé ẹ ti dé ni, àbí ẹ ò tíì lọ?” Ìgbà yẹn ni mo búra pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ nípa ìrìn-àjò mi mọ́ títí n ó fi lọ tí n ó fi bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe níbí: àpò á ti wà nínú búùtù, ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò á ṣì máa sọ pé òun ò lọ síbì kankan, nítorí ayé. Bàbá ní tiẹ̀ fẹ́ràn kó máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ní bí mo bá sọ fún un láàárọ̀, ilẹ̀ kò ní ṣú kí wọ́n tó gbọ́ ọ ní Òkè-Ọ̀dàn.

Ìyàwó mi kò fara mọ́ ọn. “Àga ẹ̀yìn mọ́tò yẹn ṣófo,” ló wí. “Ẹ jẹ́ ká gbé Bàbá lọ.” Mo ní àgbàlagbà ni, ọ̀nà jìn, egungun rẹ̀ kò ní gbà á. Irọ́ ni. Ohun tó wà nínú mi ni pé mo fẹ́ họlidé tọkọtaya, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, mi ò fẹ́ kí arúgbó máa wúkọ́ lẹ́yìn wa. Ó ń dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ti rí nìyẹn.

Síbẹ̀, mo nílò ọgbọ́n rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, màá lọ jókòó tì í, màá máa yí ọ̀rọ̀ po. “Bàbá, láyé ìgbà tí ẹ wà lójú ọ̀nà, ibo lẹ ti máa ń jẹun?” “Bàbá, ìwé wo ni wọ́n ń gbà fún mọ́tò ní bodè?” Ojú rẹ̀ á tàn. Á sọ ibi tí iyanrìn ti ń bo títì, á sọ ilé oúnjẹ tó wà ní Gran Popo, á sọ pé kò sí aṣọ́bodè tí ojú rẹ̀ kì í rọ̀ bí a bá fi Faransé kí i láàárọ̀. Á ní, “Tíṣà, ẹni tó bá ń lọ, apá òsì ni kó jókòó sí. Ibẹ̀ ni òkun wà.” Bí mo bá padà sí yàrá, màá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi, inú mi á sì máa dùn pé mo gbọ́n. Mo rò pé mò ń tan arúgbó.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Mo rí gbogbo rẹ̀, kò kàn yé mi ni, tàbí kí n sọ pé mi ò fẹ́ kó yé mi. Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, ó wọ aṣọ funfun tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gun ọ̀kadà lọ sígboro, ó sì gé irun bọ̀. Ó tún lọ lọ́sẹ̀ kejì, ó pẹ́ kó tó dé. Ó ní kí ìyàwó mi bá òun wá àpò kékeré kan tí síìpù rẹ̀ kò tíì bàjẹ́. Nígbà tí ìyàwó mi bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ohun tí ọmọ mi bá ń ṣe ní kọ̀rọ̀, èmi náà á bá a ṣe é ní kọ̀rọ̀.” Ìyàwó mi sọ ọ́ fún mi. Mo ní ọ̀rọ̀ àgbà ni, kó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Irọ́ tí mo ti pèsè sílẹ̀ ni pé ìpàdé àwọn tíṣà wà ní Abẹ́òkúta fún ọjọ́ mẹ́fà, pé àbúrò mi obìnrin á wá láti Ayétòrò wá bá a gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń lọ, a ti di ẹrù kí n tó jáde síta, mo sì bá Bàbá níwájú ilé. Aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà dúdú ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àpò kékeré náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Mo ní, “Bàbá, ẹ ń lọ síbì kan ni?” Ó wò mí, ó wo mọ́tò, ó wo ìyàwó mi tó ti wọlé jókòó. “Rárá o,” ló wí, “mo kàn ní kí n wọṣọ ni.” Mo sọ ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta mi fún un. Ó mi orí. Nígbà tí mo ṣíná sí mọ́tò, ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní, “Bọ̀n wọyáàjì,” bí àwọn ará òdìkejì bodè ṣe ń kí ẹni tó ń rìnrìn àjò. Ìyàwó mi wò mí. Mi ò wò ó padà, mo tẹ mọ́tò.

Òkun náà dára, n kò ní parọ́. Láti Wídà la ti ń rí i fìrífìrí láàárín àwọn igi àgbọn. Àpò aṣọ wa ló jókòó sápá òsì lẹ́yìn. Ní Gran Popo, mo yà sí ilé oúnjẹ tí Bàbá sọ, mo bèèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì mú wa lọ bá a níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó ṣì ń sọ Yorùbá àwọn awakọ̀. Nígbà tí mo dárúkọ Bàbá mi, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dìde, ó rìn lọ sídìí mọ́tò, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó bojú wo inú rẹ̀. “Òun ńkọ́?” ló wí. “Ibo lẹ fi í sí?”

Mo ní ara rẹ̀ kò le. Ó ní, “Sọ fún un pé mò ń retí rẹ̀. Sọ pé kó yára, a ti dàgbà.” Ó fún wa ní ẹja gbígbẹ kan tí wọ́n wé sínú bébà, ọmọ rẹ̀ sì fún mi ní nọ́ńbà fóònù. A dé Àkírà. Bí ẹ bá ní kí n sọ bó ṣe rí, mi ò lè sọ ọ́.

Iṣẹ́ tí a bá rán ni là ń jẹ́. Mi ò jẹ́ ẹ. Báwo ni n ó ṣe sọ pé mo pàdé ọmọ Popo ní Abẹ́òkúta? Mo gbé ẹja náà fún Bàbá, mo ní ọjà Owódé ni ìyàwó mi ti rà á. Ó gbé e sún mọ́ imú, ó gbé e síbẹ̀ pẹ́. “Ẹja Owódé ti dára báyìí o,” ló wí, ó sì jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sọ̀rọ̀ ọ̀nà náà mọ́. Bí mo bá lọ jókòó tì í nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ òjò àti àgbàdo ẹ̀yìnkùlé la máa ń sọ. Nọ́ńbà yẹn wà nínú fóònù mi, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé lọ́la ni n ó bá a pè é. Bàbá kò bá Kérésìmesì ọdún náà láyé.

Ayétòrò, ìlú wa, la sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá mi. Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti àbúrò mi palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́. Àpò kékeré náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Bàbá kò tíì tú u. Ṣẹ́ẹ̀tì méjì ló wà nínú rẹ̀, tówẹ̀lì, àti ìdì obì kan tó ti gbẹ, tí a fi rọ́bà dì bí ẹ̀bùn. Ìwé pélébé tí wọ́n ń gbà kọjá bodè wà nísàlẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan kí a tó lọ ni wọ́n fún un. Nínú fọ́tò tó wà níbẹ̀, Bàbá mi gé irun, ó wọ aṣọ funfun, ó ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. Wọn ò tẹ òǹtẹ̀ kankan sí ojú-ewé kankan.

Àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. “Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “Bàbá ti sọ fún mi pé ẹ fẹ́ gbé òun lọ bá ọ̀rẹ́ òun. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ gbọ́, kó má bàa dùn yín pé òun ti fi ìbéèrè yín mọ̀. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ lọ, aṣọ funfun yẹn ṣì wà lọ́rùn wọn.” Bàbá tí mo ní ẹnu rẹ̀ kò lè pa àṣírí mọ́ nìyẹn. Mo jáde lọ sídìí mọ́tò, mo sunkún bí ọmọdé.

Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo ti lọ jẹ́ iṣẹ́ náà ní Ayétòrò, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, mo ní, “Bàbá, ọ̀rẹ́ yín kí yín. Ó ní kí ẹ yára.” Ó wá ku ẹnìkan ní Gran Popo tí n kò tíì sọ fún. A kì í túfọ̀ àgbà lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti dé Ìdí-Ìrókò tí mo yí padà.

Ní họlidé tó ń bọ̀ yìí, mò ń lọ. Mi ò ya máàpù kankan. Mo ti sọ fún ìjọ, mo ti sọ fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi, mo sì ti lọ sọ fún àwọn bàbá tó ṣẹ́kù lábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Tíṣà, ṣé Lọ́ńdọ̀nù yẹn náà ni?” Mo ní rárá, Gran Popo ni, torí Bàbá mi. Ìyàwó mi á jókòó síwájú, ìdì obì yẹn á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mi ò ní gbé àpò kankan sí apá òsì lẹ́yìn, nítorí mo mọ̀ pé bí a bá ti dé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn ni ọ̀rẹ́ Bàbá máa kọ́kọ́ ṣí.