Ọjọ́ Tí Mo Gbàdúrà Kí Wọ́n Mú Iná Lọ

Mo rántí ọjọ́ kan ní Ìtamàga, ní Ìkòròdú, tí gbogbo ilé ìwòsàn ń yọ̀ pé iná ò lọ, tí èmi nìkan ń gbàdúrà kí wọ́n mú un lọ.

Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, tí mo dá kọ́ fúnra mi, ni mo fi sí i, mo sì ń fi í yangàn káàkiri. Àmọ́ tí iná bá lọ tó sì padà dé, kọ̀ǹpútà á tàn, ṣùgbọ́n dátábéèsì, ìyẹn ètò tó ń kó káàdì àwọn aláìsàn pamọ́, kì í dìde àfi tí mo bá tẹ àṣẹ fún un. Nítorí náà, n kò lè rìn jìnnà. Ìyàwó mi sì ti bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ, n kò tíì fojú kan ọmọ. Ìyá ìyàwó mi pè mí: "Àna mi, àbí kọ̀ǹpútà yẹn náà lóyún ni?"

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo tó rí àṣìṣe mi. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni Linux lè gbà dìde, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. Ìwé tí mo kà ní kí n kọ orúkọ dátábéèsì sábẹ́ ìkẹta kó lè máa dìde fúnra rẹ̀, mo kọ ọ́. Mo wá tẹ "runlevel" láti béèrè èyí tí ẹ̀rọ wa ń lò. Ó dáhùn: "N 5", ìyẹn ni pé ìkarùn-ún ló ń lò, kì í ṣe ìkẹta. Ìkarùn-ún ló ń gbé àwòrán jáde. Èmi gan-an ni mo yàn án kí ojú dókítà lè rí nǹkan tó rẹwà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi há ara mi mọ́lé! Mo kọ ọ́ sábẹ́ ìkarùn-ún, mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án. Dátábéèsì dìde fúnra rẹ̀.

Mo ní kí Dókítà tó ni ilé ìwòsàn jẹ́ kí n máa lọ sí Ẹ̀pẹ́, kò gbà. "Ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ la ó mọ̀. Tó bá dìde, máa lọ."

Ni iná bá kọ̀, kò lọ. Iná tí kì í pẹ́! Fáànù ń yí, omi fìríìjì tutù. Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí káàdì ń fi mí ṣẹ̀sín: "Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, kí ni gílóòbù yẹn ṣe fún yín tí ẹ fi ń wò ó bí ọ̀tá?"

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí fáànù tó dúró. "Áà!" ni gbogbo ilé ké. Èmi ní, "Ọpẹ́ o!" Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo wa rọ̀gbà yí kọ̀ǹpútà ká. Nọ́ọ̀sì tẹ orúkọ aláìsàn kan, káàdì ṣí. Dókítà nawọ́ sí ilẹ̀kùn: "Bá mi kí ìyá ọmọ."

Ẹnu ọ̀nà ni ìyá ìyàwó mi ti pàdé mi ní Ẹ̀pẹ́. "Wọ́n ti wá tú ẹ sílẹ̀?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ó ti ń dá dìde báyìí, mà."

"Ó dáa. Ìwọ náà dìde, wá gbé èyí tí kò tíì lè dá dìde."

Ọmọ náà ti ga jù mí lọ báyìí. Tí wọ́n bá mú iná lọ nílé wa, gbogbo wọn á pòṣé. Èmi á jókòó jẹ́ẹ́ nínú òkùnkùn, màá máa rẹ́rìn-ín.