Ọjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Wọ́ Ikùn Ọmọ Mi

Ọjọ́ tí Bísí ọmọ mi já bọ́ lórí igi gúáfà ní Abẹ́òkúta, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ni n kò lè gbàgbé. Ikùn rẹ̀ le koko. Mo ní ká gbé e lọ ọsibítù.

"Ìyàwó oníwèé, panu mọ́!" ni ìyá ọkọ mi wí. Ó ń fi àdí wọ́ ikùn náà títí ọmọ fi dákú.

Ìgbà náà la tó gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní ọlọ inú rẹ̀, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì, ti ya, ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ikùn. "Gígé la máa ń gé e dànù, ṣùgbọ́n ó ń gba ọmọdé lọ́wọ́ àrùn. Màá gbìyànjú láti rán an."

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí dókítà fi jáde. Ó rán an, Bísí sì yè.

Ìyá ọkọ mi kú láìsọ pé "má bínú." Mo bá wọn sin ín, ṣùgbọ́n n kò dárí jì í.