Obìnrin Orí Okùn

Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ti fojú rí sẹ́kọ́ọ̀sì rí, títí kan tíṣà tó ní kí á fi í ṣeré. Inú ìwé ìtàn òyìnbó kan ló ti kà á. Á jókòó sórí tábìlì ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa ní Agége, á ka ojú ewé kan, á wá sọ ọ́ fún àwa akọrin ní Yorùbá. Ó ní àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń gbé àgọ́ ńlá kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń kó kìnnìún àti erin dání, wọ́n ń rìn lórí okùn lókè téńté, àwọn ènìyàn sì ń sanwó láti wò wọ́n. Ọ̀kan nínú wa bi í pé ṣé wọn ò níṣẹ́ ni. Tíṣà ní iṣẹ́ wọn nìyẹn. A rẹ́rìn-ín títí.

Àmọ́ ìtàn náà wọ̀ mí lára. Nínú ìwé yẹn, bàbá ọmọbìnrin kan ló máa ń rìn lórí okùn. Ó jábọ́ lọ́jọ́ kan, ó kú. Àwọn ọkùnrin tó kù ń wo okùn náà bí ẹni ń wo ejò, kò sẹ́ni tó lè gùn ún mọ́, ni ọmọbìnrin náà bá gòkè, ó sì rìn ín dé òdìkejì. Bàbá tèmi náà ti kú nígbà yẹn, ìyá mi sì ti fẹ́ ọkọ mìíràn lọ sí Ìjẹ̀bú. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ tíṣà pé kó máa kà á lọ.

Àwa Aládùúrà kì í ṣe nǹkan kan láìkọrin. Orin ni tíṣà fi gbogbo eré náà ṣe látòkè délẹ̀, pẹ̀lú lílé àti ègbè bí a ṣe ń ṣe é nínú ìjọ. Kìnnìún kọrin, ẹni tó ni àgọ́ kọrin, bàbá tó fẹ́ kú gan-an kọrin tán kó tó kú. Àpò fúláwà la rán pọ̀ ṣe àgọ́. Ilé búrẹ́dì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló fún wa. A fọ̀ wọ́n títí, àwọn lẹ́tà búlúù tó wà lára wọn ò lọ. Ẹni tó ṣe orí kìnnìún wa ò rí kìnnìún rí, àgbò Iléyá ló wà lọ́kàn rẹ̀, àgbò náà ló sì ṣe fún wa.

Okùn ni kò ṣeé ṣe. Kò sẹ́ni tó lè rìn lórí okùn ní Agége. Pákó gígùn kan la gbà lọ́wọ́ àwọn káfíńtà tó ń kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun ní Ìkẹjà, fífẹ̀ rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹsẹ̀ lọ. A kùn ún ní ọ̀dà dúdú, a kàn án mọ́ orí òpó méjì, ó sì ga ju ọkùnrin tó dúró lóòró lọ. Ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ọmọbìnrin náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà yẹn nìyẹn. Ọkùnrin á wé gèlè, á ki àkísà sáyà, wọ́n á ní obìnrin ni. Obìnrin gidi tó bá ń ṣeré lójú agbo, oníṣekúṣe ni wọ́n ń pè é. Arákùnrin wa yìí ní ohùn, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó gun pákó, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí rẹ̀, ó dì í mú, ó ń pe Jésù. Àkàbà la fi gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Tíṣà wò wá yíká. "Ta ló wá lè rìn ín báyìí?"

Mo gun àkàbà. Èmi tí mo ń gbé àtẹ búrẹ́dì lé orí láràárọ̀ ní ìdíkọ̀ rélùwè, tí mo ń sáré lórí irin rélùwè fúnra rẹ̀ kí n lè dé ojú fèrèsé ọkọ̀ ṣáájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, kí ni pákó jẹ́ lójú mi? Mo lọ, mo bọ̀. Mo tún kọrin lórí rẹ̀.

"Ó parí," ni tíṣà wí. "Ìwọ ni."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbà mí tọ́, bàbá náà ni mo ń pè wọ́n. Oníṣòwò obì ni wọ́n, wọ́n sì jẹ́ àgbà ìjọ wa, ẹni tó jẹ́ pé bí wọ́n bá húkọ́, gbogbo ilé á dákẹ́. Wọ́n ti jẹ́ kí ará Ìjẹ̀bú kan wá tọrọ mi fún ọmọ rẹ̀, akọ̀wé kan ní Ìkẹjà. Ìdána ló kù. Inú mi ò dùn sí i, kò sì bàjẹ́ sí i. Ọkùnrin náà àti àga tó máa ń jókòó lé, bákan náà ni wọ́n rí lójú mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ pákó dé etí bàbá, wọ́n pè mí sí pálọ̀.

"Wọ́n ní ìwọ lo fẹ́ máa rìn lókè orí àwọn ọkùnrin?"

"Eré ni, sà."

"Obìnrin kì í gun ọ̀pẹ. Àbí o ti rí obìnrin lórí ọ̀pẹ rí?"

"Rárá, sà. Pákó ni, sà."

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Àwọn àna rẹ á wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbójú sókè, kí ni wọ́n á rí? Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ bá kan pákó yẹn, èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ìyàwó síbòmíràn. Wàá sì kúrò nílé mi."

Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́, n ò sọ pé mo gbà. Inú bí mi débi pé n ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá ò bi mí bóyá mo lè jábọ́. Orí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ká wọn lára, wọn ò ro ti ọrùn èmi tó wà lókè.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde la ṣeré náà, lọ́sàn-án gangan, ní pápá ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ènìyàn ti Ògbà àti Abúlé Ẹ̀gbá wá. Àwọn àna mi jókòó síwájú, bàbá jókòó tì wọ́n. Mo wọ sùtánà funfun, mo wọ ṣòkòtò sábẹ́ rẹ̀, mo fi okùn so ẹnu rẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbójú sókè, kó máa wo ṣòkòtò.

Kìnnìún kọrin, wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá orí okùn kú, àwọn ìyá kan sunkún. Ni mo bá gòkè, mo gbé orin: "Ilẹ̀ ti gba bàbá mi o, okùn ò ní í gba èmi." Àwọn elégbè dáhùn: "Máa bọ̀, máa bọ̀, ọmọ rẹ̀ ń bọ̀." Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín nígbà tí bàbá dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àna mi. Àwọn elégbè rí wọn, ohùn wọn gé. Bàbá rọra rìn wá, wọ́n dúró sábẹ́ pákó gan-an, níwájú mi díẹ̀. Wọ́n ṣí fìlà wọn.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Bó o bá máa kọjá, orí mi yìí ni wàá gbà."

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ta ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ òkè orí ẹni tó tọ́ ọ dàgbà? Ẹbí á yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀ títí láé. Bàbá mọ̀ pé n ò lè ṣe é, òtítọ́ ni, n ò lè ṣe é. Olórí akọrin ń fi ọwọ́ pè mí pé kí n máa padà bọ̀. Mo wo ẹ̀yìn. Ọ̀nà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ kedere, ó rọrùn, ó sì rí mi lára. Ni mo bá rántí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Mo kúnlẹ̀ lórí pákó.

"Ẹ kú ìdúró o, bàbá," ni mo wí.

Mo ń fi orúnkún wọ́ lọ, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Etí pákó ń jẹ mí lára, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an nígbà yẹn, nítorí kò sẹ́ni tó fi orúnkún rìn ín rí. Mo gbé orin. Kò sẹ́ni tó gbè é. Mo gbe ara mi. Nígbà tí mo dé òkè orí bàbá, mo dúró, mo tẹríba fún wọn, mo sì kọjá. Ẹsẹ̀ mi ò tẹ ibẹ̀. Mo dé òdìkejì kí n tó mọ̀ pé àwọn obìnrin ẹ̀yìn pápá ti ń gbe orin náà, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ẹnì kan kígbe pé, "Bàbá yìí mọ eré ṣe o!" Wọ́n rò pé ó wà nínú eré ni. Bàbá ṣì dúró síbẹ̀, fìlà lọ́wọ́. Ìjókòó àwọn àna mi ti ṣófo.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n ní kí n wá dúró níwájú ẹbí.

"Ta ló kọ́ ọ ní irú àfojúdi yìí?" ni bàbá bèèrè. "Tíṣà yẹn ni?"

"Rárá, sà. Ẹ̀yin ni. Ẹ ní tí mo bá fẹ́ kọjá lára àgbà, kí n kúnlẹ̀."

Wọ́n nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo dágbére, mo gbé ẹrù mi lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ni ilé búrẹ́dì. Akọ̀wé Ìkẹjà fẹ́ ẹlòmíràn. N ò sunkún rẹ̀ lójú kan.

Ní Abúlé Ẹ̀gbá tí a ti tún eré náà ṣe, àwọn tó ti wò ó rí ń bèèrè bàbá tó ń dúró sábẹ́ pákó, wọ́n ní ibẹ̀ ló dùn jù. Tíṣà ti bá ọ̀kan nínú àwọn akọrin sọ ọ́, wọ́n ti fi òwú ṣe irùngbọ̀n funfun fún un. Mo ní kí ó bọ́ irùngbọ̀n náà sílẹ̀. Ẹni tó tọ́ mi ni mo kúnlẹ̀ fún, mi ò ní kúnlẹ̀ nítorí àtẹ́wọ́. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi rìn ín lọ́jọ́ náà.