Àwa Tí A Ní Adìyẹ Nílé

Aṣọ ọmọ mi ni mò ń fọ̀ lẹ́yìn ilé wa n'Ílobì nígbà tí Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò, tó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi tó fi ń pariwo.

"Ìyá ọmọ, wọ́n ti gbà ẹ́ o! Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sin adìyẹ lọ́nà Ìlaròó. Ọ̀la ni kó o wá."

Tọ́ṣẹ tọ́ṣẹ ni mo dì mọ́ ọn. Látìgbà tí ọkọ mi ti já bọ́ lórí ọ̀kadà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbé e, èmi nìkan ni gbogbo ilé ń wojú. Mo bi í pé báwo ni iṣẹ́ náà ṣe rí.

"Adìyẹ náà ni. Kí lo ò mọ̀ nípa adìyẹ?"

Lọ́jọ́ kejì, àwa tuntun tò sẹ́nu géètì. Ọ̀gá kan jáde, ó ní, "Àwọn wo ló ní adìyẹ nílé?"

Gbogbo wa nawọ́. A rò pé ẹni tó mọṣẹ́ ló ń wá! Obìnrin tó dúró tì mí tiẹ̀ na méjèèjì. "Ọ̀gá, èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Adìyẹ mi gbọ́ràn ju ọkọ mi lọ!"

A bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní àìsàn lè tara adìyẹ ilé wa wọ ibẹ̀, kó sì pa gbogbo tiwọn. Ká máa lọ sílé. Ìgbà tí ò bá sí adìyẹ kankan nílé wa mọ́ ni ká tó padà wá.

Ìyá ọkọ mi ló ni adìyẹ ilé wa. Àgbébọ̀ funfun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ta ọmọ mi lọ́rẹ lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kó adìyẹ náà kúrò nílé, mò ń sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

"Iṣẹ́ adìyẹ ló ní kí n má ní adìyẹ?" Màmá ní. "Ta ló tàn ẹ́ jẹ?" Wọ́n kẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń fọ́n àgbàdo fún adìyẹ wọn. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n dé nírọ̀lẹ́. Ó ní ọ̀gá ń bínú pé àwọn tí òun ń mú wá kì í dúró pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti wọnú ibẹ̀ rí?"

Ó wolẹ̀. "Ẹnu géètì ni mo máa ń dúró sí."

"Ẹ wọlé lọ wò ó. Kẹ́ ẹ wá sọ gbogbo ẹ̀ fún wa, títí kan èyí tó máa ni wá lára. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti fara balẹ̀ bá Màmá sọ ọ́, mi ò ní já lù wọ́n báyìí. Àwọn tó sá lọ yẹn náà, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra iṣẹ́. Ó bá wọn lójijì ni."

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá, ó ní òun lòun ṣẹ̀. Màmá dìde, wọ́n wọlé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń so adìyẹ lẹ́sẹ̀, wọ́n fẹ́ kó wọn lọ fún àbúrò wọn l'Áyétòrò. Mo kí wọn, wọ́n kàn ń so okùn wọn lọ.

Mo padà síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé lálẹ́, ọmọ mi ń wá àgbébọ̀ rẹ̀ káàkiri àgbàlá, ó ń pè é. Mo gbé e mọ́ra.

"Ó ti lọ s'Áyétòrò," ni mo sọ fún un. "Má bínú sí Màmá àgbà. Èmi ni mo jẹ́ kó lọ. Inú tèmi náà ò tíì dùn síbi iṣẹ́ yẹn o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n màá tún lọ lọ́la."