Ìlà Ebè Tí Wọ́n Fún Tọ́ńtọ́n

Sátidé méjì lóṣù ni mo máa ń bá àwọn ìyá ìjọ wa lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àbúrò ìyá mi wà níbẹ̀, ẹni tí mo ń pè ní Tọ́ńtọ́n láti kékeré. Ó dáná sí igbó láti fi lé òkété jáde, iná náà kọjá ààlà, ó sì jó oko kajú tí aládùúgbò wa kan ní lọ́nà Kpingni. Tọ́ńtọ́n sẹ́, ó ní òun kọ́. Sísẹ́ yẹn dun àwọn ènìyàn ju iná náà lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba lísáǹsì, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, nígbà náà, n kò sì níṣẹ́. Kí n má purọ́, ẹ̀rù ni mo fi kọ́kọ́ lọ. Ojú ń tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọn yóò rí i pé ojú ń tì mí. Yàrá tí Tọ́ńtọ́n wà kún débi pé ṣe ni wọ́n ń pín oorun sùn: àwọn kan á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì lásán, àwọn yòókù á jókòó dúró de ìgbà tiwọn.

Àwọn ìyá ìjọ kó ẹní wá. Wọ́n bẹ ọ̀gá ọgbà náà títí ó fi gbà kí wọ́n fẹ fèrèsé, kí wọ́n sì gbẹ́ kànga sí àgbàlá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa àtíbàbà kan tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń hun àpò. Èmi tí n kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, mo ní kí n máa kọ́ wọn ní ìwé ní èdè wa. Ẹ̀ṣọ́ kan ló jẹ́ kí n kó bíìkì ìkọ̀wé wọlé. Ó ní, "Tí wọ́n bá fi gún ara wọn, orúkọ rẹ ni màá dá o." Wọn kò gún ara wọn. Tọ́ńtọ́n, tó fi àtàǹpàkò tẹ ìwé ìdájọ́ rẹ̀, ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ yẹn títí dòní.

Ọdún tó kọjá ni Tọ́ńtọ́n jáde. Igbó ti bo ilẹ̀ rẹ̀ tó wà ní ẹsẹ̀ òkè, lọ́nà Gbaffo. Sìmẹ́ńtì ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, kò lè dá kọ ju ebè mélòó kan lọ lójúmọ́, òjò sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Tí ilẹ̀ bá le kí ebè tó pé, kò ní sí iṣu. Ó sì ti sọ fún ìyá mi pé bí kò bá sí iṣu, òun yóò lọ ṣe lébìrà ní Nàìjíríà. Àwọn tó bá lọ báyẹn kì í tètè padà.

Àáró nìkan ló lè gbà á. Àwọn àgbẹ̀ méjìlá ládùúgbò wa ló ń yí oko ara wọn ká: lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ. Ọkùnrin tí kajú rẹ̀ jóná wà nínú wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ló máa tún un ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ nìkan ni mo ní. Mo kọ ojú ìwé méjì, mo lọ sí ìpàdé wọn nílé olórí àáró, mo dìde, mo sì kà á. Mo sọ nípa ìdáríjì. Mo sọ bí ẹni tó tẹ̀wọ̀n dé ṣe nílò ènìyàn. Mo tún sọ bó ṣe ń ṣe èmi fúnra mi nínú, tí ẹnikẹ́ni kò bi mí.

Olórí àáró, bàbá arúgbó kan, fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ọmọ wa, ìwé rẹ dùn. Ṣé ẹnu la fi ń tọrọ àáró?"

"Bàbá, mo rò pé..."

"Ẹni tó bá gbé ọkọ́ dé oko kí oòrùn tó yọ, tí olóko fún un ní ìlà, ó ti wọlé nìyẹn. A kì í béèrè, kí ẹnikẹ́ni má baà ní láti sọ pé rárá. Ìwọ ti wá béèrè báyìí."

Gbogbo ojú yí sí olóko kajú. Ó wo ilẹ̀. Ó dìde, ó sì lọ.

Mo mọ àṣà yẹn láti kékeré o. Mo kàn rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n tóbi ju ọkọ́ lọ ni. Mo sunkún délé, mo sì jẹ́wọ́ fún Tọ́ńtọ́n. Ó gbé àpò tó ń hun sílẹ̀.

"Ojú ìwé mélòó?"

"Méjì."

"Adájọ́ ka ìwé kó tó tì mí mọ́lé. Ìwọ náà tún ka tìrẹ kí o tó tú mi sílẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. "Oko ta ni wọ́n ń lọ lọ́la?"

Oko olóko kajú ni. Mo sọ fún un.

"Ó dáa. Bá mi wá ọkọ́ mi."

Mo tẹ̀ lé e ní àfẹ̀mọ́júmọ́, mo gbé ọkọ́ ìyá mi dání. Ó dúró ní etí oko. "Ẹ kú iṣẹ́ o." Àwọn kan dáhùn, àwọn kan kò dáhùn. Olóko kajú nà ró, ó wò ó. Ó wá fi ọkọ́ tọ́ka sí ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

"Ìyẹn ni tìrẹ. Kí ebè rẹ tóbi o. Iṣu ni mo fẹ́ gbìn, kì í ṣe ẹ̀pà."

Tọ́ńtọ́n bẹ̀rẹ̀, ó ń kọ ọ́.

Nígbà tí a jókòó láti jẹ gàrí àti ẹ̀wà, ọkùnrin náà wá bá mi. "Akọ̀wé, ìwọ lo kọ́ ọ ní ìwé?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ó kọ lẹ́tà sí mi láti ibẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló kà á fún mi. Kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó ní òun ló dáná náà, òun sì purọ́. Ó tán." Ó bu ẹ̀wà sẹ́nu. "Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń retí ọkọ́ rẹ̀. Ìwọ wá fẹ́ kí n dìde níwájú ènìyàn, kí n ní mo dárí jì í. Ṣé fádà ni mí?"

N kò mọ̀ rárá pé Tọ́ńtọ́n kọ lẹ́tà kankan. Ọ̀rọ̀ kún inú mi, ìdúpẹ́ àti ìtìjú dà pọ̀, mo sì fẹ́ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Mo wo ojú rẹ̀. "Ẹ ṣé, bàbá," ni mo sọ, mo sì pa ẹnu mi dé.

Nígbà tó kan Tọ́ńtọ́n, àwọn méjèèjìlá ló wá. Ó ń rìn káàkiri oko bí ọkọ ìyàwó, ó ń pín ìlà fún wọn. Èyí tó kẹ́yìn, lẹ́bàá àpáta, níbi tí ọkọ́ ti ń dún mọ́ òkúta, ló fún mi. Ebè mi kéré, wọ́n sì wọ́. Olóko kajú kọjá lẹ́yìn mi, ó wọ́ erùpẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ìparí.