Ìpàdé Ẹbí Lórí Àyà Ìbíwùmí

Aránṣọ ni Ìbíwùmí ní Emùré. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gé ọmú rẹ̀ òsì nítorí jẹjẹrẹ. Nígbà tí ìtọ́jú parí, dókítà ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kí wọ́n fi àpò rírọ̀ bíi rọ́bà, tí wọ́n ń pè ní sílíkóònù, sí i, kí wọ́n fi ẹran ikùn rẹ̀ mọ ọmú tuntun, tàbí kí ó fi àyà náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa yàn, mà," ni dókítà wí. "Ẹ fún mi lésì kó tó di ọjọ́ Ajé."

Àlejò ni dókítà. Kò mọ̀ pé ẹbí ọkọ ní í yàn. Lọ́jọ́ Sátidé, Akínlolú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì ní káńsù, pe ìpàdé. Ènìyàn mọ́kànlá wá. Wọ́n ní àwọn wá bá a kẹ́dùn. Irọ́ ni. Ọdún tó kọjá ni àkókò ìbánikẹ́dùn, ìgbà yẹn a ò rí ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Lẹ́yìn àdúrà gígùn, Akínlolú dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í. "Ti ikùn ni kí wọ́n ṣe. Ikùn á wọlẹ̀, ọmú á yọ. Èrè méjì!"

"Sílíkóònù ni wọ́n ń ṣe l'Ékòó, bọ̀dá," ni Lọ́lá, àbúrò ọkọ, wí. "Kí wọ́n kúkú ṣe é kó tóbi díẹ̀."

Ìyá ọkọ pòṣé. "Ọmọ mẹ́rin ló ti mu ún nínú ulé yìí. Kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe?"

Ebenezer, ọkọ gan-an, ní, "Ohun tí ẹ̀gbọ́n bá sọ ni." Ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ láti ọjọ́ ìgbéyàwó nìyẹn.

Wọ́n dìbò. Ikùn ní ìbò mẹ́fà, sílíkóònù ní márùn-ún. Ebenezer nawọ́ fún méjèèjì, wọ́n sì kà á bẹ́ẹ̀.

Ìbíwùmí gbé àwo ohun mímu tó ń pín kalẹ̀. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Tí wọ́n bá la ikùn mi, ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó lè gbé garawa omi. Nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ nawọ́, ta ló máa wá pọnmi?"

Akínlolú wo aago.

"Wọ́n sì lè tún la àyà mi lọ́jọ́ iwájú láti pààrọ̀ sílíkóònù. Àǹtí Lọ́lá, ṣé ẹ máa wá sùn tì mí lọ́sibítù?"

"Ìyàwó wa, iṣẹ́ pọ̀ l'Ékòó o."

Ìbíwùmí fa fóònù yọ, ó pe dókítà lójú gbogbo wọn. "Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, sà. Ó ti jinná, mi ò fẹ́ ọgbẹ́ mìíràn."

"Ṣé ẹ ti bá ẹbí yín sọ ọ́, mà?"

"Wọ́n wà níbí, sà. Wọ́n ti ń lọ."